Khan kì í ṣe orúkọ èèyàn: àwọn ọba Mongol nínú ìtàn àti nínú fíìmù

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn tá a wo fíìmù kan tán pé ṣé ọmọ ìyá ni Genghis Khan àti Kublai Khan ni, torí ó rí i pé Khan ló gbẹ̀yìn orúkọ àwọn méjèèjì, àti pé ṣé bàbá tó bí wọn ló ń jẹ́ Khan. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan an, torí ibẹ̀ gan an ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Khan kì í ṣe orúkọ o, oyè ni. Bí ìgbà tí àlejò wọ ìlú, tó gbọ́ tí gbogbo èèyàn ń pe ọba ní Kábíyèsí, tó wá rò pé orúkọ tí ìyá ọba sọ ọ́ nìyẹn.

Temüjin lorúkọ tí wọ́n sọ Genghis nígbà tí wọ́n bí i, nǹkan bí ọdún 1162, lágbègbè odò Onon nílẹ̀ Mongolia. Yesügei bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé nígbà yẹn, ó mú ará Tatar kan, ẹ̀yà tó ń bá tiwọn jà, lẹ́rú níbẹ̀, Temüjin lẹni yẹn ń jẹ́, ló bá fi orúkọ ọ̀tá yẹn sọ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó di 1206 ni àwọn olórí ẹ̀yà kóra wọn jọ sétí odò Onon kan náà tí wọ́n fi jọba, tí wọ́n sì fún un lóyè Chinggis Khan. Chinggis yẹn làwọn Mongol ń pè é títí dòní, Genghis táwa ń pè jẹ́ bó ṣe lọ́ lẹ́nu àwọn ará ibòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ti Kublai, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Tolui ló bí Kublai, Tolui sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́rin tí Börte, ìyáálé Genghis, bí fún un. Ẹ fi Tolui yẹn sọ́kàn, ẹ tún fi àkọ́bí tó ń jẹ́ Jochi sọ́kàn, a máa padà dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì.

Oyè míì wà tó ga ju Khan lọ, ìyẹn Khagan, àwọn kan máa ń kọ ọ́ ní Qaghan. Khan lè jẹ́ olórí ẹ̀yà kan tàbí ilẹ̀ kan, àmọ́ Khagan ló ń pàṣẹ fún àwọn Khan tó kù. Ögedei, ọmọ Genghis tó jọba tẹ̀ lé e ní 1229, lòun àti àwọn tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ oyè Khagan yìí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Khan bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó di ohun tí wọ́n fi ń yẹ́ èèyàn pàtàkì sí ní Pẹ́ṣíà, Afganísítánì àti Índíà, ó wá di orúkọ ìdílé fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fíìmù Índíà fi ń rí Khan lọ́tùn-ún lósì, Shah Rukh Khan, Salman Khan, kì í ṣe pé Genghis ló bí wọn.

Àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ àti àwọn tó ń ṣe géèmù, tí wọ́n bá ti nílò ọba kan tó gun ẹṣin tójú rẹ̀ le, Khan ni wọ́n máa ń sọ ọ́, wọ́n á da gbogbo ará ilẹ̀ ọ̀dàn pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ilẹ̀ ọ̀dàn tí mò ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Ṣáínà títí dé Hungary, koríko lọ súà, igi ò tó nǹkan, àgbàdo ò lè so níbi tó pọ̀ jù níbẹ̀, torí náà darandaran lọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀, àgùtàn, ewúrẹ́, màlúù, ràkúnmí, ẹṣin. Àmọ́ oríṣiríṣi èèyàn ló gbé ibẹ̀ láyé oríṣiríṣi. Attila tí wọ́n máa ń tò mọ́ Genghis kì í ṣe Mongol rárá, ọba àwọn Hun ni, 453 ló sì kú, ó ti lé ní 700 ọdún tó ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí Temüjin. Timur náà ńkọ́, ẹni tó kó Delhi ní 1398? Kò jẹ́ Khan rí láyé rẹ̀. Agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ìdílé Genghis, ẹni tí ò bá sì ti ìdílé yẹn wá ò lẹ́tọ̀ọ́ sóyè nílẹ̀ yẹn. Ohun tó ṣe ni pé ó fẹ́ ọmọ ìdílé náà, ó ń pe ara rẹ̀ ní àna ọba, ó wá wá ọmọ oyè kan tí ò lágbára gbé jókòó sórí ìtẹ́ níwájú, òun fúnra rẹ̀ ń pàṣẹ látẹ̀yìn.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ìdàpọ̀ yìí ni ti Mulan, ọmọbìnrin ará Ṣáínà inú ìtàn tó múra bí ọkùnrin lọ sójú ogun. Nínú fíìmù Disney tó jáde ní 1998, Shan Yu lọ̀tá tó wá láti ilẹ̀ ọ̀dàn ń jẹ́. Ẹ ò rí i, oyè náà nìyẹn, chanyu ni wọ́n ń pe ọba àwọn Xiongnu, ará ilẹ̀ ọ̀dàn lápá àríwá Ṣáínà, láyé àtijọ́, tó ti pẹ́ gan an ṣáájú Khan, oyè tí wọ́n sọ di orúkọ ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ ẹ padà lọ síbi ewì àtijọ́ tí ìtàn Mulan ti jáde, ẹ máa rí ohun tí fíìmù ò sọ. Nínú ewì yẹn, ọba tí Mulan fúnra rẹ̀ lọ jagun fún ni wọ́n pè ní Khan! Torí ìjọba tí wọ́n gbà pé ìtàn náà wáyé lábẹ́ rẹ̀, Northern Wei tó bẹ̀rẹ̀ ní 386, àwọn Tuoba ló dá a sílẹ̀, ará ilẹ̀ ọ̀dàn làwọn náà, orí ẹṣin ni wọ́n ti wọ Ṣáínà. Ọmọ ìlú kan ń jagun fún Khan kan lòdì sí àwọn Khan míì, fíìmù sì wá sọ ọ́ di Ṣáínà lápá kan, àwọn èèyànkéèyàn orí ẹṣin lápá kejì. Ó dùn mí díẹ̀, torí èyí tó wà nínú ewì yẹn dáa ju èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá géèmù Ghost of Tsushima náà, ẹ mọ̀ pé Khotun Khan lọ̀gá àwọn ọ̀tá níbẹ̀. Wọ́n kàn ṣẹ̀dá ẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Kublai gba ọkọ̀ ojú omi dé Tsushima, erékùṣù kan ní Japan, ní 1274, àmọ́ kò sí Khotun kankan níbẹ̀, Kublai fúnra rẹ̀ ò sì tẹ̀ lé wọn.

Ó ṣe wá jẹ́ pé ti ìdílé Genghis ni oyè yìí? Àti pé ta ló ń yan ẹni tó máa jẹ ẹ́? Ìtàn àròsọ máa ń sọ pé ẹni tó bá lágbára jù ló ń jọba, ẹni tó bá pa ọba ló di ọba. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn Mongol ní kurultai, ìpàdé ńlá níbi tí àwọn ọmọ oyè, àwọn olorì àtàwọn ọ̀gágun ti ń ṣe iṣẹ́ afọbajẹ, ọba kankan ò sì jẹ́ ọba lójú wọn títí kurultai fi jókòó. Ó lè gba ọdún bíi mélòó kan kó tó jókòó, torí ibi táwọn ọmọ oyè wà jìnnà síra, ẹlòmíì á sì mọ̀ọ́mọ̀ má tètè wá tó bá mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tóun fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi jẹ.

Ẹnì kan fojú rí ọ̀kan nínú ẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àlùfáà àgbà kan láti Ítálì ni, Giovanni da Pian del Carpine, Póòpù ló rán an níṣẹ́, ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì tóbi lára, síbẹ̀ orí ẹṣin ló wà láti ìlà oòrùn Yúróòpù dé Mongolia, wọ́n ń pààrọ̀ ẹṣin fún un lọ́nà ní ibùdó kan sí òmíràn. Ìgbà tó débẹ̀ ní 1246, wọ́n ti pa àgọ́ kan tó funfun báláú, tó sọ pé ó lè gba ju ẹgbàá èèyàn lọ, wọ́n fi pákó ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n ya oríṣiríṣi àwòrán sára pákó yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, funfun làwọn ìjòyè wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, pupa. Ọjọ́ kẹta, aró. Ọjọ́ kẹrin, aṣọ olówó iyebíye tí wọ́n fi wúrà hun. Inú àgọ́ ni wọ́n ti ń jíròrò ẹni tó máa jọba, àwọn tó kù wà lórí ẹṣin níta, tó bá sì di nǹkan bí ọ̀sán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mu wàrà ẹṣin tó ti kan, wọ́n á mu ún di alẹ́. Ó ní ikọ̀ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè lé ní 4,000. Güyük ọmọ Ögedei ni wọ́n gbé gorí ìtẹ́ lópin gbogbo ẹ̀, ní August ọdún yẹn.

Àmọ́ ẹ bi mí pé ta ló ti ń ṣèjọba láti ìgbà tí Ögedei ti wàjà ní December 1241 títí dìgbà yẹn. Obìnrin ni! Töregene, opó Ögedei, òun ni adelé, òun ló ń fi àwọn ìjòyè sípò, òun ló ń yọ wọ́n, ọmọ ọmọ ni Ögedei fẹ́ kó jọba o, Töregene ló fi gbogbo ọdún yẹn tún ọ̀nà ṣe fún Güyük tó jẹ́ ọmọ tóun fúnra rẹ̀ bí. Güyük ò ju bí ọdún méjì lọ lórí oyè tó fi kú, opó tiẹ̀ náà, Oghul Qaimish, tún di adelé. Gbogbo ìgbà yẹn, obìnrin kẹta wà níbì kan tó rọra jókòó tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀, ìyẹn Sorghaghtani, opó Tolui tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Krìstẹ́nì ni, wọ́n ní kó fẹ́ Güyük lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀ kú, ó kọ̀ ọ́, ó lóun fẹ́ tọ́jú àwọn ọmọ òun. Àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn nìwọ̀nyí: Möngke tó di Khagan ní 1251, Kublai tó jọba Ṣáínà, Hülegü tó gba Pẹ́ṣíà, àti Ariq Böke tó bá Kublai du oyè. Ìyá kan ṣoṣo ló bí wọn. Èmi ò tíì rí ìtàn àròsọ kan tó fi irú obìnrin báyìí sí àárín, ọba tó ń fi idà bẹ́ orí ni wọ́n ń rí.

Bí Genghis ṣe dàgbà gan an ló jẹ́ kọ́rọ̀ oyè yìí rí bó ṣe rí. Temüjin ò ju bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ síle àwọn àna, wọ́n tọrọ Börte fún un, bàbá ń padà bọ̀ nílé ni àwọn Tatar fi májèlé sóúnjẹ rẹ̀. Bí bàbá ṣe kú báyìí, àwọn ará ẹ̀yà kó ẹrù wọn, wọ́n kó ẹran, wọ́n fi opó àtàwọn ọmọ sílẹ̀ sínú pápá. Hoelun ìyá wọn gbé ọ̀págun ọkọ rẹ̀, ó gun ẹṣin lé wọn, àwọn díẹ̀ kọ́kọ́ padà, nígbà tó yá wọ́n tún lọ. Ìyá yìí sán aṣọ mọ́ra, ó mú igi tó fi ń hú gbòǹgbò, ó ń sá lọ sókè odò sá wá sísàlẹ̀, àlùbọ́sà inú igbó àti èso wẹ́wẹ́ ló fi bọ́ àwọn ọmọ yẹn. Ìwé táwọn Mongol fúnra wọn kọ nípa ìdílé yìí, tí wọ́n ń pè ní Ìtàn Àṣírí àwọn Mongol, ló sọ gbogbo èyí, ìwé náà ò sì fi ohun tójú ń tì pa mọ́, torí òun náà ló sọ pé Temüjin àti àbúrò rẹ̀ ta ọbàkan wọn, Bekhter, lọ́fà pa nítorí ẹja kan àti ẹyẹ kan tó já gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyá wọn bínú débi pé ó fi wọ́n wé àwọn ẹranko búburú tó ń jẹ ẹran ara wọn.

Ìgbà tó gbé Börte sílé tán, àwọn Merkit, ẹ̀yà míì tó jẹ́ ọ̀tá wọn, wá já ìyàwó yìí gbé. Temüjin lọ bá Toghrul tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ó lọ bá Jamukha tóun àti ẹ̀ jọ mulẹ̀ láti kékeré, wọ́n jọ lọ gba Börte padà. Àmọ́ kò pẹ́ sígbà yẹn tí Börte bí Jochi, àwọn èèyàn ò sì yéé sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ọmọ ta ni. Genghis gbà á lọ́mọ, kò sọ nǹkan míì rí. Ọdún pọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ yan àrólé, Chagatai tó jẹ́ ọmọ kejì dìde níwájú bàbá rẹ̀ ó ní báwo làwọn ṣe máa wà lábẹ́ ọmọ Merkit, òun àti Jochi wọ ara wọn láṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé kí Ögedei tó jẹ́ ọmọ kẹta, tí ò bá ẹnikẹ́ni jà, jọba. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí Jochi yìí ni mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àwọn Dothraki, àwọn agẹṣin inú fíìmù Game of Thrones, torí àwọn lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ará ilẹ̀ ọ̀dàn lónìí. Khal ni wọ́n ń pe olórí wọn, ẹ̀yin náà ẹ rí ibi tọ́rọ̀ yẹn ti jáde. Ẹṣin jẹ́ òótọ́, àgọ́ jẹ́ òótọ́, bí wọ́n ṣe ń ta ọfà lórí eré náà jẹ́ òótọ́. Àmọ́ Dothraki ò ń wọ ẹ̀wù irin, wọ́n ń bẹ̀rù òkun, bí Khal bá sì kú, kíá làwọn èèyàn rẹ̀ á pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mongol tòótọ́ ń wọ ẹ̀wù ogun tí wọ́n fi awọ tàbí irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ so pọ̀. Wọ́n wọkọ̀ lọ Japan lẹ́ẹ̀mejì, 1274 àti 1281, wọ́n lọ Java ní 1293, òkun àti àwọn ará ibẹ̀ fìyà jẹ wọ́n, àmọ́ wọ́n lọ. Ìlú tó ní odi, wọ́n ń kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Ṣáínà àti Pẹ́ṣíà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀rọ tó ń ju òkúta wó odi.

Bí wọn ò sì ṣe pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ nígbà tí Genghis wàjà ní 1227 nìyí: ó ti tú àwọn ẹ̀yà yẹn ká tipẹ́. Ó pín sójà sí mẹ́wàá mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, ẹgbàárùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yìí ló da ọmọ Kereit, ọmọ Merkit, ọmọ Tatar pọ̀ sí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀ lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ló ń jẹ ọ̀gá. Ọ̀gágun Jebe, ìgbà tó ṣì jẹ́ ọ̀tá, òun ló ta ẹṣin Temüjin lọ́fà lójú ogun, nígbà tí wọ́n mú un tí wọ́n bi í léèrè ó jẹ́wọ́ pé òun ni, Temüjin wá sọ ọ́ ní Jebe, ìyẹn ọfà, ó sì fi í ṣe ọ̀gá. Tolui ṣe adelé ọdún méjì, Ögedei jọba, iṣẹ́ ń lọ. Gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí ò ní kí n máa pè wọ́n lẹ́ni rere o. Nígbà tí gómìnà Otrar, ìlú kan lábẹ́ ìjọba Khwarazm ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, pa àwọn oníṣòwò tí Genghis rán, tí ọba Khwarazm tún pa ikọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlú ńlá ńlá bíi Merv àti Nishapur ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ ní 1221, àwọn tí ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n pa jù.

Ẹ tún máa ń gbọ́ Golden Horde, ìjọba Mongol tó wà lápá ilẹ̀ Rọ́ṣíà, èèyàn á rò pé agbo èèyàn burúkú tó ń ya bọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wá láti ordo, ibùdó ọba, àgọ́ tí ọba ń gbé àtàwọn tó yí i ká, ààfin ni, àyàfi pé ààfin tó ń ṣí kiri ni. Urdu, èdè tí wọ́n ń sọ ní Pakistan, inú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti jáde.

Golden Horde yìí, àwọn ọmọ Jochi ló ni ín. Pẹ́ṣíà, Hülegü ọmọ Tolui ló ni ín, òun náà ló kó Baghdad ní 1258 tó pa kálífà. Lẹ́yìn tí Möngke kú ní 1259, Hülegü kó èyí tó pọ̀ jù nínú ogun rẹ̀ kúrò ní Síríà, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀gágun Kitbuqa. Íjíbítì wá pàdé wọn ní Ain Jalut ní September 1260, wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n pa Kitbuqa. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú ogun Íjíbítì lọ́jọ́ yẹn ni Baybars, ọmọ Kipchak láti ilẹ̀ ọ̀dàn kan náà, ìgbà tógun Mongol dé ilé wọn ni wọ́n tà á lẹ́rú, ó di sójà ní Cairo, kódún yẹn tó parí ó ti di sultan. Ẹni tó wá bá dọ́rẹ̀ẹ́ ni Berke, ọmọ Jochi, Khan Golden Horde, tó ti di Mùsùlùmí, tínú ń bí nítorí Baghdad àti nítorí ilẹ̀ tóun àti Hülegü jọ ń fà. Ní 1262 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọmọ Jochi àti ọmọ Tolui. Nígbà òtútù yẹn Hülegü kó ogun rẹ̀ kọjá odò Terek tó ti dì gbagidi, wọ́n lé wọn padà, bí wọ́n ṣe ń sá gba orí yìnyín kọjá, yìnyín là lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, omi sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.